Sọ́fítíwíà àpọ́íńtìmẹ́ǹtì tí kóòdù ẹ̀ wà ní ṣíṣí: èwo lẹ máa mú? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ kí kọ́sítọ́mà máa fúnra ẹ̀ mú àkókò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, látorí onísálúùnù títí dórí dókítà eyín, mo wá kó wọn jọ síbí kẹ́ni tó bá nílò ẹ̀ lè rí i kà. Ẹ wá èyí tó kàn yín, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

WhatsApp ni mo fi ń gba búùkìn, kò sì sí wàhálà. Kí ni mo fẹ́ fi sọ́fítíwíà ṣe?

Tí kọ́sítọ́mà yín ò bá pọ̀, ẹ máa lo WhatsApp yín lọ, kò sóhun tó ṣe é. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni tó bá di ọjọ́ Sátidé tí òde pọ̀, ẹnì kan fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá wé gèlè kóun sì ṣe mékọ́ọ̀pù láago méje àárọ̀, ẹ ní kò burú, ọmọ iṣẹ́ yín náà gbé fóònù kejì, ó ní kí ẹlòmíì máa bọ̀ láago méje yẹn náà, àwọn méjèèjì dé, inú bí ọ̀kan, ó bá tiẹ̀ lọ. Ohun tí sọ́fítíwíà yìí ń ṣe ò jùyẹn lọ: ó mọ aago tẹ́ ẹ ń ṣí, aago tẹ́ ẹ fi ń sinmi, iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà àti èyí tẹ́nì kan ti mú, ó wá ń fi kìkì àyè tó ṣẹ́ kù han ẹni tó ń bọ̀. Líǹkì ẹ̀ lẹ sì máa lẹ̀ mọ́ WhatsApp Business yín, ẹ ò ní láti fi WhatsApp sílẹ̀ rárá.

Calendly ńkọ́? Ṣebí ọmọ wa ló ni ín.

Òótọ́ ni, Tope Awotona tí wọ́n bí sí Èkó ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2013, ní Atlanta, orí mi sì máa ń wú tí mo bá rántí ẹ̀. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹni tó bá kàn fẹ́ líǹkì kan ṣoṣo táwọn èèyàn á fi mú àkókò ìpàdé, èyí tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lè tó o. Àmọ́ kóòdù ẹ̀ ò sí ní ṣíṣí (kóòdù ṣíṣí, ìyẹn open source, ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí, kó lò ó, kó sì tún un ṣe), ẹ ò lè gbé e sórí sáfà tiyín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ju ti ọ̀fẹ́ lọ, dọ́là lẹ máa fi san án, tí dọ́là bá gun òkè, owó yín náà gun òkè nìyẹn, bẹ́ ẹ bá sì dẹ́kun sísan, àwọn ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún dẹ́kun. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa èyí tí kóòdù ẹ̀ wà ní ṣíṣí, torí kálẹ́ńdà òwò ẹni àti nọ́ńbà kọ́sítọ́mà ẹni, ọ̀dọ̀ ẹni ló yẹ kó wà.

Wọ́n pọ̀ jù o. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pé èwo ló ń ṣe nǹkan tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àfiwéra tí mò ń rí kà, ṣe ni wọ́n kàn tẹ́ tábìlì gbọọrọ sílẹ̀ tí wọ́n ń mààkì, kò sì sẹ́ni tó ń bi onítọ̀hún pé kí ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ wá búùkù lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi èèyàn. Àkọ́kọ́, ṣé àkókò èèyàn ni wọ́n ń mú, bíi ti onídìrí tàbí lọ́yà, àbí ohun kan tó wà nílẹ̀ ni, bíi gbọ̀ngàn, pápá bọ́ọ̀lù, máíkírósíkóòpù yunifásítì, àbí ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ fẹnu kò sórí ọjọ́ kan? Oríṣi sọ́fítíwíà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá nìyẹn, ẹni tó bá gbé ti gbọ̀ngàn fún onídìrí á kàn máa jà pẹ̀lú ẹ̀ títí ni. Ìkejì, ta ló máa tọ́jú sáfà náà lẹ́yìn tẹ́ni tó gbé e síbẹ̀ bá ti lọ? Ìkejì yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e síbẹ̀ ó máa ń dùn, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rántí páswọ́ọ̀dù mọ́.

Easy!Appointments tẹ́ ẹ máa ń dárúkọ ṣáá, kí ló dára nínú ẹ̀?

Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Alex Tselegidis ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, abẹ́ láísẹ́ńsì GPLv3 ló wà (ìlànà tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì tún un ṣe), PHP (èdè tí wọ́n fi kọ ọ́) àti MySQL (dátábéèsì, ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ sí) ló sì ń lò, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀, torí hosting (àyè tí wọ́n ń háyà fún wẹ́bsáìtì) olówó pọ́ọ́kú tó ní cPanel (ojú ìwé tí wọ́n fi ń darí ẹ̀) tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń san tẹ́lẹ̀ fún wẹ́bsáìtì wọn, PHP àti MySQL ti wà nínú ẹ̀. Ẹ ò nílò Docker (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí sáfà), ẹ ò nílò sáfà ọ̀tọ̀. Ẹ dá dátábéèsì kan, ẹ tú fáìlì zip ẹ̀ sínú fódà, ẹ ṣe ẹ̀dà config-sample.php kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní config.php, ẹ kọ orúkọ dátábéèsì, páswọ́ọ̀dù ẹ̀ àti BASE_URL (àdírẹ́ẹ̀sì ibi tẹ́ ẹ gbé e sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) sínú ẹ̀, ẹ ṣí líǹkì náà nínú bráwúsà, á ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ó parí. BASE_URL yẹn lẹ máa fọgbọ́n kọ, tí wẹ́bsáìtì yín bá ń lo https, https náà ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi sálúùnù ṣàpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọgbọ́n inú ẹ̀. Ká ní onídìrí kan ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó ń ṣíwọ́ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó sì ń jẹun láago kan sí aago méjì. Ẹ wá kọ síbẹ̀ pé irun kéékèèké ń gba ìṣẹ́jú 240, fífọ irun sì ń gba 45. Ẹni tó bá yan irun kéékèèké lọ́jọ́ tẹ́nikẹ́ni ò tíì mú nǹkan kan, aago méjì péré ló máa rí: mẹ́sàn-án àárọ̀ àti méjì ọ̀sán. Kò ní rí aago mẹ́wàá, torí tó bá bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, irun náà á wọ àkókò oúnjẹ, kò sì ní rí aago mẹ́ta, torí ilẹ̀ á ti ṣú kó tó parí. Ẹni tó yan fífọ irun ní tiẹ̀ á rí àyè rẹpẹtẹ. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣírò ẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é. Tẹ́ni méjì bá sì jọ ń wo aago méjì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àyè náà ṣì ṣófo kó tó gbà á fẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì gbẹ̀yìn.

Ó tún mọ̀ pé ọ̀gá yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́, pé akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, oníkálukú ló ní ibi tó lè fọwọ́ kàn. Kọ́sítọ́mà ò ní láti dá àkáǹtì, líǹkì tó bá wọ ímeèlì ẹ̀ ló máa fi yí àkókò padà tàbí kó fagi lé e. Kálẹ́ńdà Google ń bá a ṣiṣẹ́, láti ẹ̀dà 1.5 ó ti ń bá CalDAV náà ṣiṣẹ́, ìyẹn ìlànà tí kálẹ́ńdà oríṣiríṣi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ibi tó kù sí: kò ní ibi ìsanwó nínú ara ẹ̀, ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dán, ìránnilétí tó yẹ kó wọlé sí fóònù èèyàn ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ̀yin lẹ máa wá ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà ṣe é nípasẹ̀ API ẹ̀ (ọ̀nà tí sọ́fítíwíà mìíràn fi ń bá a sọ̀rọ̀) àti webhook ẹ̀ (ìsọfúnni tó ń fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀). Èmi ò ka ìyẹn sí ohun tó yẹ kó lé èèyàn sá.

Mo wá a nínú WordPress, mo rí Easy Appointments níbẹ̀. Ṣé òun náà nìyẹn?

Rárá o, ẹ ṣọ́ra. Plugin (àfikún) WordPress mìíràn ló ń jẹ́ Easy Appointments, ẹlòmíì ló kọ ọ́, orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra. Ti Tselegidis ní àmì ìyanu láàárín orúkọ ẹ̀, ó sì ń dá dúró láìsí WordPress. Nípa àwọn plugin WordPress lápapọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti yọ nǹkan lára ẹ̀, ẹ máa rí i pé ohun tẹ́ ẹ nílò gan-an ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn owó, nítorí náà ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó kó kọ́sítọ́mà yín wọ inú ẹ̀.

Cal.com làwọn ọmọ tẹ́kì ń pariwo. Ṣé kò dára ju ti òkè yẹn lọ ni?

Ó lẹ́wà jù ú lọ, ó sì ń ṣe nǹkan jù ú lọ, mi ò ní purọ́. Calendso ló ń jẹ́ nígbà tó jáde lọ́dún 2021, Peer Richelsen àti Bailey Pumfleet ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé Calendly làwọn fẹ́ bá figa gbága. Tẹ́ ẹ bá ṣí fáìlì ètò ẹ̀ ẹ máa rí ibi tí wọ́n kọ CALENDSO_ENCRYPTION_KEY sí, orúkọ àtijọ́ yẹn ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn pamọ́ síbi tó dájú torí òun ni wọ́n fi ń ti àwọn ohun ìkọ̀kọ̀ kálẹ́ńdà tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn pa, tó bá sọnù, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ so ni.

TypeScript, Next.js àti PostgreSQL ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún yín ni pé hosting olówó pọ́ọ́kú ò lè gbé e, ẹ nílò sáfà tiyín, ẹni tó mọ Docker, àti mẹ́mọ́rì tó tó, èmi ò ní gbé e sórí ohun tó kéré sí 4GB. Fún ẹni tó dá ṣiṣẹ́, tí ò ní ẹni tó mọ sáfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó dà bíi kéèyàn ra tírélà láti fi gbé àpò gàrí kan.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ẹ̀ ló tún yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, AGPLv3 (ọmọ ìyá GPLv3) ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ kóòdù náà síta, àmọ́ fódà kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ ee, ohun tó wà níbẹ̀ ní láísẹ́ńsì ìṣòwò tiẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n kó àwọn nǹkan tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń fẹ́ sí, bíi teams, organizations àti workflows tó ń fi ìránnilétí ránṣẹ́. Ẹni tó bá wo àwòrán mèremère lórí wẹ́bsáìtì wọn, tó wá gbé e sórí sáfà ara ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn nǹkan yẹn kiri. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó olùdókòwò ló ni ín, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì lè yí ìlànà padà nígbàkigbà, ẹ ṣí fáìlì LICENSE tó wà nínú ẹ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́ gbé gan-an, ẹ kà á, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni kọ, tèmi náà wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹni tó mọ sáfà, tẹ́ ẹ sì ń kọ́ áàpù tiyín tẹ́ ẹ fẹ́ fi ètò àpọ́íńtìmẹ́ǹtì sínú ẹ̀, Cal.com ni mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, API ẹ̀ dára gan-an.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ máa búùkù gbọ̀ngàn. Èwo ni ká lò?

LibreBooking. Ẹ má wo apá ibòmíì. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún: yàrá, mọ́tò, ẹ̀rọ amúnáwá, lááàbù. Ẹ lè kọ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ akọrin ò gbọdọ̀ mú ju wákàtí mélòó kan lọ lọ́sẹ̀, pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí búùkìn tó dúró, pé tí gbọ̀ngàn bá ti kún kí wọ́n to orúkọ ẹni tó ń dúró. Yunifásítì tó bá ní LDAP, ìyẹn ibi tí wọ́n kó orúkọ àti páswọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn wọn jọ sí, lè so ó mọ́ ọn kí akẹ́kọ̀ọ́ fi páswọ́ọ̀dù ilé-ìwé wọlé. PHP àti MySQL ni òun náà ń lò.

Ìtàn ẹ̀ ló jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ sí i. phpScheduleIt ló ń jẹ́ nígbà kan, ti Nick Korbel, ó wá di Booked Scheduler. Nígbà tó yá, wọn ò gbé kóòdù ẹ̀dà tuntun síta fáráyé mọ́, ó di ohun táwọn èèyàn ń rà. Àwọn tó ti ń lò ó ò sunkún, wọ́n mú ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn tí kóòdù ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lábẹ́ GPL, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí LibreBooking, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bi mí pé kí làǹfààní kóòdù ṣíṣí gan-an, ìyẹn ni mo máa ń tọ́ka sí.

Gbogbo fáìlì ọ́fíìsì wa ti wà lórí Nextcloud. Ṣé a tún nílò òmíràn?

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má nílò ẹ̀. Nextcloud ni Frank Karlitschek àtàwọn èèyàn ẹ̀ yọ jáde lára ownCloud lọ́dún 2016, ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Stuttgart ní Jámánì, áàpù Calendar inú ẹ̀ sì ti ní ibi àpọ́íńtìmẹ́ǹtì láti ọdún 2021. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀, ẹ fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́, ẹni náà mú aago, á rí ímeèlì gbà kó tẹ̀ ẹ́ pé òun ni lóòótọ́, ó wọ kálẹ́ńdà yín. Kò ní owó, kò ní akọ̀wé, kò mọ sálúùnù, àmọ́ fún olùkọ́ yunifásítì tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú wákàtí ọ́fíìsì ẹ̀, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Àwọn Thunderbird náà ní tiwọn tó ń jẹ́ Thunderbird Appointment, MPL 2.0 ni láísẹ́ńsì ẹ̀. Mo ń fojú sí i lára ni, torí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí.

A fẹ́ ṣèpàdé ẹbí, àwọn kan wà ní London, àwọn kan ní Houston, a ò rí ọjọ́ kan mú.

Ẹ̀yin ò nílò gbogbo èyí. Rallly lẹ fẹ́, tàbí Framadate tó jẹ́ ti Framasoft ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún síbẹ̀, ẹ fi líǹkì sórí grúùpù, oníkálukú tẹ èyí tó wọ̀ fún un, ọjọ́ tí ọwọ́ pọ̀ lé lórí jáde.

Ẹ dárúkọ London àti Houston. Kí ló dé tí aago máa ń dojú rú gan-an?

Ìdí ni pé aago wa kì í yí, tiwọn ń yí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Èkó, aago mẹ́rin náà ni ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó di aago mẹ́ta tí òtútù bá dé. Ní Houston, aago mẹ́wàá àárọ̀ ló máa jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di mẹ́sàn-án nígbà òtútù. Èyí tó wá burú jù ni oṣù Kẹta, torí Amẹ́ríkà ń yí aago wọn ní Sọ́ńdè kejì oṣù náà, Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiwọn ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yẹn gbogbo ìṣirò tẹ́ ẹ ti há sórí ti bàjẹ́. Brazil ti fi àyípadà aago sílẹ̀ láti ọdún 2019, nítorí náà wákàtí mẹ́rin ni Salvador fi ń tẹ̀lé Èkó yípo ọdún. Ó tún wà nítòsí wa níbí: Cotonou àti Èkó aago kan náà ni wọ́n ń lò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọdá sí Lomé, ẹ ti fi wákàtí kan sẹ́yìn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé, nínú sẹ́tìn, ẹ yan Africa/Lagos ní orúkọ, ẹ má ṣe yan UTC+1 fún ara yín, ẹni tó wà ní London náà kí ó yan Europe/London. Orúkọ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ ìgbà tí aago máa yí. Cal.com dára níbí ju gbogbo wọn lọ, ó ń fi aago ìlú ẹni tó ń wò ó hàn án. Easy!Appointments náà mọ̀ ọ́n, ẹ kàn máa rí i pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti yan ìlú ẹ̀.

Mo so kálẹ́ńdà Google mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó já. Mo tún so ó, ó tún já. Ṣé sọ́fítíwíà ló bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ìbéèrè yìí ló ń dà àwọn èèyàn láàmú jù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbé èyíkéyìí nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí sórí sáfà tiyín, Google ò mọ̀ yín rí, ẹ̀yin lẹ máa lọ sí Google Cloud Console, kẹ́ ẹ dá project, kẹ́ ẹ tan Calendar API, kẹ́ ẹ gba client ID àti secret, kẹ́ ẹ sì kọ líǹkì tí wọ́n máa padà sí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Project tuntun yẹn, tó bá jẹ́ ti External (èyí tí ẹni tí kò sí nínú ilé-iṣẹ́ yín náà lè lò), á wà ní ipò Testing, àṣẹ tí Google ń fún ẹni tó wà ní Testing kì í ju ọjọ́ méje lọ tó fi ń kú. Ọjọ́ méje yẹn gan-an ni ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ń wí. Ẹ lọ síbi OAuth consent screen, ẹ tẹ Publish kó di In production, ẹ wá tún kálẹ́ńdà so lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìkìlọ̀ kan máa yọ pé Google ò tíì yẹ áàpù yìí wò, tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tiyín nìkan ló ń lò ó, ẹ tẹ Advanced, ẹ kọjá.

Ẹni tí ò fẹ́ wàhálà Google rárá, kó fi CalDAV so ó mọ́ Nextcloud. Ìlànà tó wà fún gbogbo ayé ni, láti 2007 ló ti wà, kò sí ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ wá tọrọ àṣẹ.

Ímeèlì ò dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà.

Ẹ wo spam wọn, ibẹ̀ ló wà. Sáfà tuntun tó kàn ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọkàn tán an, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sáfà gan-an sì ti dí port 25, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ ń gbà jáde, pa. Ẹ lo SMTP (sáfà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́) ti ẹni tó ń gbé ímeèlì dómẹ́ìnì yín, port 587, kẹ́ ẹ wá fi SPF àti DKIM, ìyẹn ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì náà ti wá, sínú DNS, ibi tí wọ́n ń kọ ètò dómẹ́ìnì yín sí. Láti oṣù Kejì 2024, Gmail ti ní ẹnikẹ́ni tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì yẹn, ẹ kúkú fi méjèèjì sí i. Kò gba àkókò.

Mo fẹ́ kí wọ́n san ìdajì owó kí wọ́n tó mú àkókò, torí àwọn tó ń mú un tí wọn kì í wá ti pọ̀ jù.

Ẹ jàre, ó tọ́. Púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí, Stripe tàbí PayPal ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, oníṣòwò tó wà ní Ìbàdàn sì mọ̀ pé Paystack tàbí Flutterwave lòun ń lò. Stripe ló ra Paystack lọ́dún 2020, àmọ́ ìyẹn ò ní kí líǹkì Stripe tó wà nínú sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà yín lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe ojú ìwé ìsanwó Paystack kan fún iye owó ìdajì yẹn, kẹ́ ẹ lẹ líǹkì ẹ̀ mọ́ àlàyé iṣẹ́ náà nínú Easy!Appointments, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kedere síbẹ̀ pé ẹni tí ò bá san láàárín wákàtí méjì, a máa fagi lé e. Akọ̀wé yín á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní ẹni tó mọ kóòdù lè fi webhook so méjèèjì pọ̀ kó máa fagi lé e fúnra ẹ̀.

Ọsibítù ni tèmi. Ṣé àwọn yìí ṣeé lò?

Tó bá jẹ́ kí wọ́n kàn mú àkókò nìkan, ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ má ṣe kọ àìsàn ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀. Àkọsílẹ̀ aláìsàn ní sọ́fítíwíà tiẹ̀: OpenEMR wà, ó ní kálẹ́ńdà àti ibi tí aláìsàn lè wọlé sí, OpenMRS náà wà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, lórí ẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́ NMRS tí wọ́n ń lò fún ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà, nítorí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n wà nílẹ̀ wa níbí. Iṣẹ́ ńlá ni láti gbé e kalẹ̀, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Òfin náà wà níbẹ̀, ti ọsibítù nìkan kọ́. Láti ọdún 2023 la ti ní Nigeria Data Protection Act. Ẹ gba kìkì ohun tẹ́ ẹ nílò lọ́wọ́ èèyàn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, tí dátà bá sì jò tó lè pa ẹnikẹ́ni lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó kọmíṣọ̀n létí. Fọ́ọ̀mù búùkìn tó ń béèrè ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wá gé irun, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Odoo ńkọ́? Wọ́n ní open source ni.

Odoo ni sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ fi ń darí gbogbo òwò wọn. Ẹ̀yà Community ẹ̀ ni open source, LGPLv3. Áàpù Appointments ẹ̀ ò sí nínú Community, inú Enterprise tí wọ́n ń sanwó fún ló wà. Tẹ́ ẹ bá ti ń lo Odoo tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó, ẹ má torí àpọ́íńtìmẹ́ǹtì nìkan lọ gbé e.

AGPL tí wọ́n ń dẹ́rù bani sí, ṣé ó kàn mí?

Tẹ́ ẹ bá kàn ń lò ó fún ṣọ́ọ̀bù yín bó ṣe wà, kò kàn yín rárá. Ó kàn ẹni tó bá tún kóòdù náà kọ, tó wá ṣí i sílẹ̀ kí àwọn èèyàn máa lò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó rí kóòdù tó tún kọ náà gbà. Ti GPL tí Easy!Appointments àti LibreBooking ń lò ò dé ibẹ̀ yẹn, ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀dà sọ́fítíwíà náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ni kóòdù ń tẹ̀lé e. Èmi ò rí ohun tó burú nínú méjèèjì, ẹni tó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti ní ká má tì í mọ́ ẹlòmíì.

Ṣé mo lè sọ ojú ìwé ẹ̀ di Yorùbá fún àwọn kọ́sítọ́mà mi?

Ẹ lè ṣe é, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é. Nínú Easy!Appointments, ẹ lọ sí application/language, ẹ ṣe ẹ̀dà fódà english, ẹ sọ ọ́ ní yoruba, ẹ ṣí translations_lang.php tó wà nínú ẹ̀, ẹ máa fi Yorùbá tiyín rọ́pò gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi orúkọ èdè náà kún àwọn èdè tó wà nínú config.php inú application/config. Ẹ fi fáìlì náà pamọ́ ní UTF-8 kí àmì orí àti ìsàlẹ̀ má baà di àmì ìbéèrè. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí GitHub (wẹ́bsáìtì tí wọ́n ń kó kóòdù wọn sí) kí ẹlòmíì má tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ kan ò ní kú lẹ́yìn tí mo bá ti kó sínú ẹ̀?

Ẹ lọ sí GitHub wọn, ẹ má wo ìràwọ̀, ìràwọ̀ ò tún nǹkan ṣe. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn jáde, ẹ wo bóyá wọ́n ń dá èèyàn lóhùn níbi issues, ibi táwọn èèyàn ti ń sọ ìṣòro wọn, ẹ wo iye èèyàn tó ń fi kóòdù sílẹ̀, tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan ló wà. Easy!Appointments gan-an, ọwọ́ ẹnì kan ló pọ̀ sí jù, mo mọ̀, mo sì ṣì ń dábàá ẹ̀, torí dátábéèsì MySQL lásán ló wà nínú ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ṣí phpMyAdmin, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú dátábéèsì, ẹ máa rí orúkọ kọ́sítọ́mà, nọ́ńbà fóònù àti gbogbo àpọ́íńtìmẹ́ǹtì nínú tébù tí èèyàn lè kà. Ẹ tẹ Export, ẹ yan CSV, ó ṣí nínú Excel. Kẹ́ ẹ tó fún kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́ ní líǹkì, ẹ fi orúkọ ara yín búùkù nǹkan kan, ẹ kó o jáde báyìí, ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ẹ sì gbìyànjú láti dá a padà látinú bákáàpù, tí kò bá padà wá, ẹ má tíì ṣí i fẹ́nikẹ́ni.